Adìẹ Ọlọ́bẹ̀ Ẹ̀pà Tí Mo Sè fún Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀gá yín ti yéé jágbe mọ́ ọ? Èmi wà láàyè, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgbà tí kì í dun ni, ṣé ẹ̀yìn ni? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí o sunkún wa láìtọ́jọ́, a ò sì ní sunkún rẹ láé. Àmín.

Apá ọ̀tún ìyá rẹ tó kán nígbà tó gun àpótí láti fi kọ́tìnì kọ́ ti ń san, ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tí ojú mi rí. Láti ìgbà tí dókítà ti dì í mọ́ ọn láyà ni obìnrin náà ti kọ oúnjẹ. Ó fi ọwọ́ òsì jẹun lẹ́ẹ̀kan, ó dà á sára, ó sì ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n á máa fún lóúnjẹ. Bí mo bá ti gbé àwo dé, á ní òun ti yó. Yó ti kí ni? Aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán fún un, tó bá a mu rẹ́gí, ti wá fẹ̀ jù lọ́rùn rẹ̀. Télọ̀ ni mí, ojú mi kì í tàn mí lórí ìwọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tan fóònù tí o fi ránṣẹ́, mo ní kó wá oúnjẹ tó ń mú ẹnu aláìsàn dùn. Obìnrin kan jáde, ó so aṣọ ìdáná mọ́yà. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó ní adìẹ ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà ni òun fẹ́ sè, bí àwọn ará Indonéṣíà ṣe máa ń se ẹ̀pà àti adìẹ pọ̀, wéré báyìí ló sì máa jinná. Mo ní ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ.

Háà, obìnrin yẹn yára! Èmi tí mi ò dáná rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, mo ṣì ń wá áàyù, òun ti ń da adìẹ sínú òróró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè mí, kò gbọ́. Aládùúgbò wa, mẹkáníìkì, ló sá wọlé nígbà tó gbóhùn mi, ó ní bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án lójú, á dúró. Lóòótọ́ ó dúró, ṣùgbọ́n tòun ti ṣíbí lókè, ó lanu sílẹ̀. Àánú ṣe mí. Mo yára gé adìẹ kí apá má baà ro ó. Wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, gé lẹ́ẹ̀kan ni mo fi gé e, gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí àpò ṣòkòtò. Mo da tèmi náà sínú òróró, mo tún fọwọ́ kan obìnrin náà lójú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí adìẹ ti ń dín ni ọkùnrin kan ti já wọ inú fóònù, ó ń polówó ọ̀dà. Mo rò pé ọkọ obìnrin náà ni. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, mo dúpẹ́, mo ní a ti kun ilé wa. Ibẹ̀ ni adìẹ díẹ̀ ti jóná, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà obìnrin náà da omi dúdú kan láti inú ìgò, mo bá bi mẹkáníìkì bóyá ẹ́ńjìnnì la fẹ́ sè ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi ẹ̀wà sóyà ni, ó sì bá mi rà á wá ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ ẹ̀pà yíyan kúnná, mo fi omi àgbọn pò ó, mo fi atalẹ̀, ata àti ṣúgà díẹ̀ sí i, mo da adìẹ náà sínú rẹ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ìtasánsán rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Ìyá rẹ ní òun ti yó. Mi ò bá a jiyàn. Mo mú àjákù aṣọ, mo ní kí mẹkáníìkì di apá ọ̀tún tèmi náà mọ́ mi láyà kó tó máa lọ, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ní àwa méjèèjì ò lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́ báyìí, kó fi òsì rẹ̀ fún mi jẹ, kí n fi òsì mi fún un. Ó wò mí títí, ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo lanu. Ọmọ mi, ọbẹ̀ tí ṣíbí àkọ́kọ́ gbé wá, àgbọ̀n mi ló gbà á. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di apá rẹ̀ mú pé ó ń dun òun, inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti ti adìẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó tún lanu. Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Tiwa, òsì ló ń bọ́ òsì, ara wa kò sì mọ́ rárá, ṣùgbọ́n inú wa dùn.

Mẹkáníìkì ní dátà ni obìnrin inú fóònù ń jẹ, ó sì ti tán. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n rà á fún un, ẹni tó bá wa se irú oúnjẹ yìí kò yẹ kí ebi pa á. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, bẹ́ẹ̀ a ò mọra rí.

Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ire á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. O ò ní ṣiṣẹ́ òfò, o ò ní dá jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀ jù. Ó ti lá àwo mọ́ tónítóní kó tó rántí.