Ríbọ́ọ̀nù Ọwọ́ Genival

                                        Ojúlé 41, Òpópónà Mangabeiras,
                                        Santo Amaro,
                                        Bahia.
                                        19 Oṣù Karùn-ún, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Otoniel,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ooru Petrolina, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ-ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rìn dé etí odò? Màmá Zulmira ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀? Ó yẹ kí n ti kọ̀wé tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò ni mo tún ń gbé e sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Genival tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù irin ni. Ó wà láàyè, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ òsì mọ́, láti ọrùn ọwọ́.

Ẹ rántí pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára Lindaura, ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, ní oṣù Kẹwàá, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, Lindaura sì so ríbọ́ọ̀nù funfun mọ́ Genival lọ́wọ́ òsì: kókó mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, lórí ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gé e. Ó gbọ́dọ̀ gbó já fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá gé e, ẹ̀bẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ so ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rí i. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gba òrùka lọ́wọ́ wa láràárọ̀, tí ẹ ń kó o sínú agolo kọfí kí a tó tan ẹ̀rọ, kí irin tó ń yí má baà fà wá lọ́wọ́. Èmi sì ni ọ̀gá níbẹ̀ báyìí. Mo ní kí ó gé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Deusdete, ṣé ìwọ lo máa sọ fún Lindaura?" Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ ọ́. Ríbọ́ọ̀nù pupa kan wà lọ́wọ́ èmi náà. Ni mo bá fi téèpù iná wé e mọ́ ọn lọ́wọ́. Láràárọ̀ la ń wé e, tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń wé ìlédìí fún ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, òógùn tú téèpù náà. Ó ń fi sáńpépà dán ọ̀pá irin kan tó ń yí lórí ẹ̀rọ, etí ríbọ́ọ̀nù kan irin, irin sì ń wé e lọ tọwọ́tọwọ́. Kò pariwo, orúkọ mi ló pè. Kí n tó pa ẹ̀rọ, ọwọ́ ti lọ. Ríbọ́ọ̀nù ọ̀hún kò sì já. Òun ló ṣì dì í mọ́ irin, ni mo bá fa ọ̀bẹ yọ, mo gé e. Lójú Genival ni mo ti gé e.

Ní ọsibítù, Lindaura bá mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Ó bi mí pé, "Ríbọ́ọ̀nù yẹn, ṣé ó já fúnra rẹ̀?"

Mo ní, "Ó já fúnra rẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Genival náà kò tíì sọ òtítọ́ fún un títí dòní.

Mo ti gbé agolo kọfí yín padà sẹ́nu ọ̀nà, mo fi sísọ́ọ̀sì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tèmi ni mo kọ́kọ́ gé. Ẹni tí kò bá gé tirẹ̀ kò ní tan ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi jiyàn. Ká ní mo ti ṣe é lọ́jọ́ kìíní ni, ìjà lásán ni ì bá jẹ́, à bá sì ti parí rẹ̀.

Lindaura bí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin, ó sì ń mí dáadáa. Wọ́n ní èmi ni bàbá ìsàmì rẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀, ni Genival bá wò mí, ó ní, "Ìwọ ni kí o gbé e síbi omi. Ìwọ lo ní ọwọ́ méjì."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìsàmì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì mí. Ẹ bá mi kí Màmá Zulmira àti gbogbo àwọn ọmọ.

Èmi tí ẹ kọ́ níṣẹ́,
Deusdete.