Omi Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Dígí, olùkọ́ tó ń bójú tó pròjẹ́ẹ̀tì wa, da iṣẹ́ wa nù. Èmi ni mo di ọ̀pá tó ń wọn eré omi mú láàrin gọ́tà. Ismaheel dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gọ́tà. Omi àárín ń lọ geere. Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri – á rọra, á já lójijì, á tún fà sẹ́yìn.

Dígí ní, "Omi kọ́ ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ ni." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kadà ló gbé Ismaheel ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ta ni ò mọ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Dígí pe èmi nìkan. Kí n sọ pé ọwọ́ Ismaheel ló bà á jẹ́, kí n dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ pròjẹ́ẹ̀tì wò lọ́jọ́ Ẹtì kí n sì yege, kí Ismaheel tún ọdún kan ṣe. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò lè sọ ọ́." Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì á jọ tún un ṣe nìyẹn."

Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìlú Ìkáràmù pé mo ti ń jáde nílé ẹ̀kọ́. Mi ò sọ fún Ismaheel. Ọ̀rọ̀ náà á dùn ún.

Ọjọ́rú, 5
Mo lọ bẹ Jesse, wẹ́dà tó ń jó irin ní Ìkàrẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Jesse fi irin há ọ̀pá náà mọ́ ẹnu gọ́tà. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Àárín: geere. Ẹ̀gbẹ́ ògiri: ó ń fò! Mo da èèpo ìrẹsì sómi. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń wọ́ bí ìgbín, àfi fìrì, omi gbé e sókè sí àárín. Òmíràn já wálẹ̀ láti òkè, ó sáré kọjá. Ògiri ń dá omi dúró, omi òkè ń ti í. Kò lè sinmi.

Mo pariwo. Mi ò pe Ismaheel. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kọ́rídọ̀ níwájú yàrá ìgbìmọ̀. Ismaheel ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alágídí Ìkáràmù, máa wọlé lọ. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọwọ́ mi ni." Ẹnì kan nínú kíláàsì tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ló tú àṣírí ohun tí Dígí sọ fún mi fún un.

Mo fi àbọ̀ ìwọ̀n omi àná hàn án. Ó wò ó títí. "O ò sì lè pè mí?"

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Wọ́n ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó dìde. Kò tíì dìde. Mi ò ní dá wọlé.