Ilé-Ìwé Tí Mo Yàn Nítorí Pé Kò Láriwo

Ẹ kú ilé o, Màámi. Èmi Sìdíkátù, àkọ́bí yín, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Barking nílùú òyìnbó níbí. Ẹ kú àdúrà lórí wa, ẹ kú àfarada àìrójú wa. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá Ràfí ní kí n kí yín, ibi iṣẹ́ ló wà bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ má bínú pé lẹ́tà náà máa gba ojú àwọn ẹlòmíràn kọjá kó tó dé ọwọ́ yín. Mo ní kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn mọ́ṣáláṣí wa, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ òbí tó wà níbí.

Ara wa le, bí a bá yọ ti òtútù kúrò. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi tiwa. Ṣe ló máa ń fín wínníwínní láti àárọ̀ títí ẹ ó fi gbàgbé pé òjò ni. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn náà ni mo ṣì ń ṣe. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ìyá kan ní Eastbury, màá sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Rippleside. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, èmi nìkan ni wọ́n máa rí bá sọ̀rọ̀ lóòjọ́. Mo máa ń jókòó, màá gbọ́ wọn dópin, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn mi.

Ẹ ti gbọ́ pé ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ọkọ Múnírà ti jáde, àti pé òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjèèjì ń bọ̀ kí ìgbà ooru tó parí. Wọ́n ti rí ilé sínú àwọn fúláàtì tuntun tí wọ́n kọ́ sí Gascoigne. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ló kù. Àbúrò mi ní kí n bá òun wò yíká, kí n sọ èyí tó dára jù, torí pé èmi ni mo ti pẹ́ níbí. Ó ní ilé-ìwé Ràfí gan-an lọ́kàn òun fà sí, nítorí gbogbo ìgbà ni mo máa ń yìn ín. Òótọ́ ni, mo yìn ín. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ilé-ìwé ìjọba ni, a kì í san owó. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń gba ọmọ, títí tó fi máa ṣe girama tán níbẹ̀. Nígbà tí Ràfí pé ọdún mẹ́rin, ilé-ìwé méjì ni mo lọ wò, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí. Èkíní kò jìnnà sílé wa rárá. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin kékeré kan sì ń bá tíṣà jiyàn lórí bóyá ìgbín ní eyín. Tíṣà ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé-ìwé kọ́ lèyí, ọjà ni.

Èkejì, bọ́ọ̀sì là ń wọ̀ débẹ̀, ṣùgbọ́n àyè wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, táì wọn gún régé, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kí wa, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi kí wa. Màámi, ẹ̀yin ni mo rí. Mo rántí kíláàsì yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ọgọ́ta ọmọ ṣe máa ń dákẹ́ bí ẹ bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti yàn án kí wọ́n tó gbé tíì fún wa. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ fún mi ni mo sì fún Ràfí lọ sílé-ìwé: má wo àgbà lójú, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ má dá sí i, má yọ tíṣà lẹ́nu.

Àwọn ará ibí ní àṣà kan. Lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, wọ́n máa ń pe òbí kó wá jókòó ti tíṣà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí àga ọmọdé tí orúnkún ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà àkọ́kọ́ ní Ràfí kì í sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́. Tíṣà kejì ní ó dákẹ́ púpọ̀. Mo dúpẹ́, mo tún gbé kéèkì lọ fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀kẹta bi mí bóyá ọmọ náà máa ń sọ̀rọ̀ nílé. Mo ní ó máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá bi í. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, mo rò pé ìyìn ló ń kọ. Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ẹ sì ṣàdúrà gan-an, ẹ ní ìwà ìyá yín ló jogún.

Mi ò mọ̀ pé níbí, bí tíṣà bá sọ pé ọmọ dákẹ́, nǹkan tó ń kọ ọ́ lóminú ló ń sọ. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọn kì í là á mọ́lẹ̀ fúnni. Èmi náà kò sì bi wọ́n. Inú mi ń dùn.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tó kù díẹ̀ kí Ràfí bọ́ sí apá girama, tíṣà rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí ìwé ìṣirò Ràfí síwájú mi. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Gbogbo ìdáhùn inú rẹ̀, ti ọmọ tó jókòó tì í ni, àtàṣìṣe ọmọ ọ̀hún. Ó ní ọjọ́ tí òun yí àyè ìjókòó wọn padà, Ràfí ò rí nǹkan kan kọ mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìṣirò ti dojú rú fún un, kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní mọ́mì òun ní kí òun má yọ tíṣà lẹ́nu. Obìnrin náà tún sọ fún mi pé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré lọ́sàn-án, inú yàrá ìkàwé ni Ràfí nìkan máa ń wà.

Ojú tì mí, Màámi. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì débi pé ìyá àgbà òyìnbó kan fún mi ní tíṣù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n jókòó gbọ́ tẹnu àwọn arúgbó tí mi ò mọ̀ rí, ọmọ tí mo bí wà nínú ilé, mi ò gbọ́ tiẹ̀. Yorùbá ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹnu náà dé. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.

Mi ò dá yín lẹ́bi o. Mo ti rò ó wò. Àwa tí ẹ ní ká dákẹ́ ní kíláàsì, bí a bá ti jáde, ìta ń dúró dè wá, àwọn ọmọ ilé kejì wà níbẹ̀, a ó pariwo títí wọn ó fi lé wa wọlé. Ràfí kúrò nílé-ìwé tó dákẹ́, ó bọ́ sínú fúláàtì tó dákẹ́, èmi àti bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò fi ìyẹn kún un nígbà tí mò ń yan ilé-ìwé.

Múnírà, bí wọ́n bá kà á dé ibí yìí fún ẹ, gbọ́ mi. Ilé-ìwé náà kò burú. Oúnjẹ halal wà, ibẹ̀ mọ́, tíṣà tó rí ohun tí mi ò rí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ má wo táì. Bí wọ́n bá gbà fún ẹ, lọ síbẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kí o wo ọmọ tó dá jókòó, kí o wò ó bóyá àgbàlagbà kan máa lọ bá a. Bi àwọn obìnrin tó ń pín oúnjẹ, wọ́n mọ ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé ò mọ̀. Bí ọmọ kan bá sọ ní kíláàsì pé kò yé òun, ojú tíṣà ni kí o máa wò. Bí tíṣà bá sì sọ fún ẹ pé ọmọ ẹ dákẹ́, jọ̀wọ́, má dúpẹ́. Béèrè ohun tó ní lọ́kàn.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, bí mo ti ń di irun Ràfí, mo bi í bóyá kí àwọn ọmọ Múnírà wá sílé-ìwé òun. Ó dákẹ́. Ìdáhùn ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá rọra bi mí bóyá ohun tó wà lọ́kàn òun ni mo fẹ́ gbọ́, àbí èyí tó yẹ kí òun sọ. Mo ní èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni. Ó ní òun máa rò ó. Di òní, kò tíì sọ nǹkan kan, mi ò sì tíì fún Múnírà lésì.

Màámi, bí ẹ bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n gbé fóònù fún Ràfí. Ẹ bi í ní ohunkóhun tó bá wù yín. Bó bá dákẹ́, ẹ má yìn ín. Ẹ dúró dè é.

Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́mọdé lágbà. Ọlọ́run Allah á jẹ́ ká fojú kanra wa láyọ̀, á dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yín pẹ́ títí. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù