Orin Adúmáradán Tí O Bà Jẹ́ Lórí Rédíò

Ilé Olóògbé Jẹ́láàní,
Ifangni.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà.

Mùríìdì ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà ara, kó bá Véronique ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àtọkànwá ni àdúrà yìí, torí ìbínú mi kò tíì dé ibi tí n óò fi gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣépè. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ni mo fi ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ kí n tó mú bírò. Kò rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wá kí ìyá rẹ láti Banigbé, àwa méjèèjì sì jókòó ti rédíò, à ń gbọ́ ètò rẹ tí o pè ní Ọjọ́ Òní Nínú Orin. Bí àsìkò ètò yẹn bá ti tó, ìyá rẹ a sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná kó lè gbọ́ ohùn rẹ dáadáa. O bẹ̀rẹ̀ bí o ti máa ń ṣe. O ní ọjọ́ bí òní ni olórin kan kú ní ilẹ̀ Kóńgò tí wọ́n sunkún rẹ̀ kiri ìgboro, ọjọ́ bí òní náà ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan nílùú òyìnbó kọ́kọ́ gbé orin jáde. Lẹ́yìn náà lo ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà yìí kan náà ni wọ́n gba ohùn obìnrin kan sínú kásẹ́ẹ̀tì ní Ifangni, pé kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún tà ní Igolo títí wọ Ìdìróko, àti pé Fàúzíyàtù ìyá rẹ ni obìnrin náà. Ìyá rẹ fi ìborùn bojú, ẹ̀rín ń pa á. Èmi náà ń mi orí. Ká ní ibẹ̀ lo dákẹ́ sí ni.

O ò dákẹ́. O ní, “Chers auditeurs, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín. Adúmáradán tí màmá mi ń kọrin sí yìí, kì í ṣe bàbá mi o. Ọkùnrin kan ni, ní ọ̀nà Banigbé. Bàbá mi ti kú, kò lè bínú mọ́.” O wá rẹ́rìn-ín, o sì lu orin náà fún gbogbo ayé gbọ́. Mùríìdì, òótọ́ ni pé bàbá rẹ ti kú. Èmi àbúrò rẹ̀ kò tíì kú. Ìyá rẹ dìde, ó pa rédíò, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé gààrí rẹ̀ lọ sí Igolo. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Anicet, ọ̀kan nínú àwọn onísẹ́ńjì tó ń pààrọ̀ owó ní ibodè, fi ké sí i pé, “Maman, Adúmáradán kọjá níbí láàárọ̀, ó ní ká kí yín, hein.” Àwọn ọlọ́kadà gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti fi orin ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibodè wọ ìlú. Ìwọ rò pé ẹ̀yìn ìyá rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà? Wọ́n ń béèrè bóyá imú rẹ jọ ti Jẹ́láàní bàbá rẹ. O fi ẹnu ara rẹ sọ ara rẹ di ọmọ àlè, o sì tún fi orin gbè é.

Èyí tó dùn mí jù ni ti walímọ̀. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló máa ń ṣíwájú àwọn ọmọ tó parí Kùránì, òun ni í fi orin mú wọn láti mọ́sálásí dé ojúde. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ti ọdún yìí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ràúfátù tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àsàláátù wá bá a, ó rọra sọ ọ́, kò lè wò ó lójú, ó ní kí Ìyá sinmi lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn bá wọn ṣíwájú. Ìyá rẹ ní ó dára. Ó ká aṣọ funfun tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí. Láti ọjọ́ náà kò kọrin mọ́, àní èyí tó máa ń kùn bó bá ń gbálẹ̀.

Mo ní kó pè ọ́. Ó kọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti pe ọmọ mi ní òpùrọ́ lójú ayé.” Ohun tí ìyá rẹ ń gbé mì nítorí rẹ nìyẹn. Èmi pè ọ́. O rántí èsì rẹ? “Tàǹtí Sìdí, c'est pour rire, eré ni, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.” O ní o fẹ́ wọ ìpàdé, o pa fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, torí o ò lè pa ìwé mọ́ mi lẹ́nu.

Nísinsìnyí, fetí sílẹ̀. Èmi Sìdíkátù ni Adúmáradán.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìyá rẹ wọ ilé yìí, ọmọdébìnrin tí kò tíì ga tó ọmọ odó ni mí, ṣùgbọ́n mo ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Ó wò mí títí, ó ní òun yóò máa pè mí ní Adúmáradán. Títí di òní olónìí, kò pe Sìdíkátù rí. Véronique ń pè mí lórúkọ gbàgà, mi ò sì bá a jà, torí Kútọnù ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìwọ tí wọ́n tọ́ ní agbo ilé yìí, tí o ń gbọ́ Adúmáradán láàárọ̀ lálẹ́, báwo lo ṣe gbọ́ ọ lórí kásẹ́ẹ̀tì tí o wá ọkùnrin tí yóò jẹ́ ẹ? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò wolé, o ò bèèrè, o kàn ń wá ohun tí yóò pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà Banigbé tí o sọ di ọ̀nà àlè, mo sá a ní ọjọ́ tí ìyá rẹ ń rọbí rẹ. Bàbá rẹ wà lóko ní Lagbé. Ẹsẹ̀ lo mú wáyé, ìdí tí ìyá bàbá rẹ fi ń pè ọ́ ní Ìgè títí ó fi kú nìyẹn. Òjò ń rọ̀, àwọn àgbà ilé ń wo ojú ara wọn, ni mo bá kó sínú òjò láì wọ bàtà. Mo sá dé ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ní Banigbé, ó gbé mi sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a sì bá ìyá rẹ láàyè. Nígbà tó lókun, ó fi orin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé o tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ?

Adúmáradán, òjò ń rọ̀, ìwọ ò yà,
Ọ̀nà Banigbé mọ ẹsẹ̀ rẹ,
Bí mo bá gbàgbé rẹ, kí ọmú mi má lómi.

Obìnrin wo lo rí tó fi omi ọmú búra fún àlè?

Mo ti ṣàlàyé fún Ràúfátù. Ó gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ tó gba rédíò jáde, ẹnu lásán kò lè sáré bá a. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà, ibi tí o ti sọ ọ́ ni wàá ti kó o. Géraud onímọ́tò ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Ní ọjọ́ Sátidé, fi ètò rẹ sílẹ̀ fún ìyá rẹ. Dárúkọ mi, dárúkọ òjò, sọ pé o kò bèèrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, máa bọ̀ nílé, dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, n óò wá sí ibi iṣẹ́ rẹ, n óò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi bèèrè ẹni tí mo jẹ́.

Kí Ọlọ́run má gba ohùn lẹ́nu rẹ. Kó fún ọ ní etí tó tó ẹnu rẹ. Kí àwọn ọmọ tìrẹ má fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ lójú ayé. Àmín.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ, ọkọ ìyá rẹ,
Sìdíkátù Adúmáradán.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: láàárín orin náà, o bú sẹ́rìn-ín, o ní kí àwọn èèyàn gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ké, pé irú sítúdíò wo nìyẹn. Yàrá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti gba ohùn náà, èmi sì wà létí ògiri, mo pọn ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ lè ráyè kọrin. Tún un gbọ́ dáadáa, Ìgè. Ìwọ lò ń ké.