Má Tọrọ Àyè Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ

Agbo-ilé Jùbrílù,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 1986.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùmù. Mo kí ọ láti òkèèrè réré. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Mo fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, nítorí ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Ní tiwa, a dúpẹ́. Bùsírátù àbúrò rẹ ti ń mu ẹ̀kọ láti ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ará ilé ní kí n kí ọ kú àṣẹ̀yìndè bàbá rẹ. Ó pé oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ méjì lónìí tí ó ti fi wá sílẹ̀. Èmi ṣì wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wa wí, n kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ìta. Aṣọ dúdú kan náà ni mo ń wọ̀, n kò lé tìróò, n kò wọ yẹtí. Alfa Láwàlì, àbúrò bàbá rẹ, ló ń bá wa ra ohun tí à ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O kọ̀wé pé eré ni: kí ènìyàn dé akoto, kí ó yan ẹni tí ó fẹ́ jẹ́, ìbáà ṣe ọdẹ, ìbáà ṣe ọba, kí ó sì máa gbé inú ìlú kan tí kò sí níbì kankan. O ní wáyà tẹlifóònù ni yóò so tìrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́ tiwa níhìn-ín, a ó sì jọ máa pàdé. Fọ́tò àdúgbò wa ni o fi kọ́ ìlú náà. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ ń gbohùn sí, tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ọ, ni o fi ṣe bàbá kan síbẹ̀, kí àárò má baà pa ọ́. Bàbá rẹ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rí ara rẹ̀ lórí àga, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkùnrin yìí lẹ́wà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n jókòó." Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí a ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ tán, Bùsírátù fà á jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ju wákàtí kan lọ. Yóò ṣí akoto, yóò wá sọ fún mi pé ara Bàbá le, pé wọ́n béèrè mi. N kò bá a wí. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ: èmi náà fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ó di láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń dá a dúró. Ó ní, "Ìyá, láti àárọ̀ ni mo ti ń tọrọ àyè, Bàbá ní n má tíì lọ." Mo bi í pé ta ni ó yàn láti jẹ́ nínú eré náà. Ó ní ọmọ ilé.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí, nítorí èmi ni mo máa ń tẹ bọ́tìnì fún bàbá rẹ bí ó bá ń gbohùn. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ni, àárò rẹ nìkan ló sì wà nínú wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń lọ sópin ni yóò sọ pé, "Má tíì lọ, Mọ́nsúrù, jókòó tì mí díẹ̀." Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin tí o ṣe yẹn mọ̀ nípa ìdágbére nìyẹn. A sì ti kọ́ yín pé ọmọ kì í dìde níwájú bàbá rẹ̀ láì gba àyè. Ọmọ ẹlòmíràn ì bá ti na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó máa lọ. Àwọn ọmọ tí a tọ́ dáadáa ló há.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí Bùsírátù kò ṣí akoto. Ètè rẹ̀ bó. Mo fi agbára ṣí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wò mí, ó ní, "Ẹ dákun, ta lẹ ń wá?" Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kò dáwọ́ dúró àfìgbà tí Láwàlì dé akoto náà padà fún un. Láwàlì ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ẹni tí kò dágbére kò tíì kúrò. Ara rẹ̀ nìkan lo mú wá."

Mo pinnu láti fi akoto kejì tó bá ẹ̀rọ náà wá wọlé lọ mú un. Mo bi Láwàlì bóyá kò ní ba opó mi jẹ́. Ó họ irùngbọ̀n rẹ̀ títí, ó ní, "Ìwé ò sọ nǹkan kan nípa akoto. Ìdí rẹ ò ṣáà ní kúrò lórí ẹní. Lọ." Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè ẹni tí mo fẹ́ jẹ́, mo ní àlejò, nítorí àlejò ló máa ń padà sílé.

Ìtòkú ni mo rí lóòótọ́. Ìkòkò aró tò lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n aró náà kò rùn. Ẹni tó dàgbà nídìí aró mọ̀ pé aró tí kò rùn ti kú. Bàbá rẹ jókòó lórí àga níwájú ilé. Bùsírátù wà lápá òsì rẹ̀. Mọ́nsúrù, ìwọ ni mo rí lápá ọ̀tún. O ti rù kan eegun. Mo pè ọ́, ojú rẹ kò yí.

Bàbá rẹ fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àṣàbí, o tún pẹ́ dé. Àbí wọ́n sá ọ sórí okùn pẹ̀lú àdìrẹ ni?" Ohùn rẹ̀ ni, àwàdà rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ó wo aṣọ ọrùn mi. Ó ní, "Aṣọ opó nìyí. Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá Mọ́nsúrù."

Gbogbo ìlú náà dúró. Ewúrẹ́ tó ń rìn lọ dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Ó ní, "Ta ló wẹ̀ mí?" Mo ní Láwàlì ni. Ó ní, "Mọ́nsúrù ńkọ́?" Mo ní o kò lè tètè dé, a kì í sì í fi òkú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ní, "Nígbà náà, wọn ò tíì wẹ̀ mí. Mú ọmọbìnrin lọ. Èyí ọkùnrin yóò dúró." Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan. N kò mọ ibi tí ó ti rí i.

Ọmọ mi, mo di ọwọ́ àbúrò rẹ mú, mo sì ń lọ. N kò bá a jiyàn. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀ kan sí i, yóò gba ẹyọ ọmọ kan tó fi sílẹ̀ fún mi. Dárí jì mí. Mo padà lọ mú ọ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àga ti ṣófo, ilẹ̀kùn ti tì. Omi ni mo ń gbọ́ nínú ilé, ó ń dà, ó ń dà, ohùn bàbá rẹ sì ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, má tíì lọ."

Gbọ́ ohun tí èmi àti Láwàlì ní kí o ṣe. Bí o bá ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tó. Fi aṣọ funfun dì í. Kírun sí i lára ní ìdúró. Bí o bá ti ṣe sálámà tán, yí ẹ̀yìn padà kí o sì máa bọ̀. Má tọrọ àyè. Òkú kì í fúnni láyè. Kì í ṣe àìgbọ́ràn. Èmi tí mo bí ọ ni mo fún ọ láyè.

Kí Ọlọ́run mú ọ jáde ní àlàáfíà. Kí ó fi àlùjánà kẹ́ bàbá rẹ, ẹni tí a sin sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kí ó má jẹ́ kí n tún wọ aṣọ dúdú mìíràn lé èyí lórí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Sìlífátù.

Àfikún: Olúmidé, ìwọ tí o ń bá Mọ́nsúrù gbé, orúkọ rẹ ni mo kọ sára àpò lẹ́tà yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ mi kò lè ṣí i. Má ṣe bọ́ akoto lórí rẹ̀. Fi omi tọ́ ọ lẹ́nu, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kò bá mira, tún un kà. Orí ìdúró ni kí o ti kà á. Bí ó bá fi ohùn àgbàlagbà sọ fún ọ pé kí o jókòó, má dá a lóhùn. Máa kà lọ.