Kámẹ́rà Tí Kò Fẹ́ Oòrùn Lọ́kọ́ja

Ìyá Ayọ̀olúwa, òkun o.

"Láti òní lọ, ohun tó bá ṣojú yín kò ní sọnù mọ́ láé." Àwọn tó ṣe kámẹ́rà tuntun tí ọmọ rẹ rà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo dìde dúró kí n tó kà á, torí a kì í jókòó ka irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà náà dára. Oòrùn nìkan ni kò fẹ́, Lọ́kọ́ja ló sì wá. Bó bá ti gbóná díẹ̀, á dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní àléébù kọ́, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Àwọn tó rà á wà lórí Wasáàpù, wọ́n ń gbèjà rẹ̀ bí àna wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò." Òmíràn ń tọ́jú tirẹ̀ sínú kúlà yìnyín, ó ní òun ti gbọ́n.

Ní Sátidé, níbi ìgbéyàwó Iredélé ní àdúgbò Karaworo, tí wọ́n pe Ayọ̀ wá ya fídíò, èmi ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ rí ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ kámẹ́rà. Ìyá ìyàwó, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ tipẹ́, dìde fúnra rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, ó ń súre. Kámẹ́rà ti kú.

"Bàbá, ẹ túbọ̀ fẹ́ ẹ," ni Ayọ̀ ń wí.

Ara wa le. Ayọ̀ ń sinmi dáadáa, kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́ tó lè dí i lọ́wọ́. Bá mi kí Màmá àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé ìyá Iredélé padà sílé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́la ni Iredélé ń bọ̀ wá tún gbọ́ àdúrà ìyá rẹ̀ nínú fídíò. Kí ni ká fi hàn án?

Ọkọ rẹ,
Oyèníyì