Irin Tí Argir Rọ fún Bàbá Mi

                                        Ojúlé Kẹrin, Ọ̀nà Orísun Omi,
                                        Abúlé Kestenovo,
                                        Òkè Rodopi, Bulgaria.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Dafina, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Zahari ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbúrò ti ń fi èdè Spain dá yín lóhùn nínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó gbàgbé tiwa o. Oòrùn Almería ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ lórí yín nínú ilé ọ̀rá tí ẹ ti ń ká tòmátì? Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òtútù ti wọlé. A ti to igi ìdáná jọ sí ẹ̀yìnkùlé, ewé sì ti wọ́ tán lórí igi. Ìyá rẹ wà dáadáa. Ojú rẹ̀ kan ṣì ń ṣomi, àmọ́ ó ríran tó láti sọ fún mi pé mo ti rù.

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo jù. Mi ò ní lè wá mọ́. Bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kó fi ẹlòmíràn sí àyè iṣẹ́ tí ẹ bá mi gbà. Ọkàn mi kò yí padà rárá, àpótí mi ṣì wà ní dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá mi ló dé.

O mọ Moskvich aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, òun ni bàbá mi fi gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti kúrò nílé kí igi tó wó lu bàbá mi nínú igbó, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún, nítorí náà o ò mọ ohun tí ọkọ̀ náà dà lẹ́yìn rẹ. Nígbà tí bàbá mi ti ilé ìwòsàn dé, orí àga ẹ̀bá fèrèsé ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò bínú, kò sunkún, ojú ọ̀nà ló kàn ń wò. Argir alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló wọlé lọ́jọ́ kan tó ní ojú òun kò gbà á mọ́. Ó wọ́ Moskvich lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà tó fi máa gbé e jáde, ó ti rọ irin kan tó so mọ́ bíréèkì àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, tó sì gòkè wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì sítíárìn. Bí bàbá mi bá fà á sókè, ọkọ̀ a sáré. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ a dúró. Ẹsẹ̀ òsì tó kù ló fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Argir tiẹ̀ fi awọ wé orí irin náà kí ó má bàa máa ha bàbá mi lọ́wọ́.

Dafina, bàbá mi tún di èèyàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi àpótí oyin rẹ̀ lókè. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì kò ti gun òkè wá sọ́dọ̀ wa mọ́, òun ló ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ìlú, ìyá rẹ náà sì wà lára wọn nígbàkigbà tó bá fẹ́ rí dókítà ojú. Bó bá ti fọn fèrè níwájú ilé yín, ìyá rẹ a ti wọ bàtà. Àgbàlagbà kan ló ń yẹ ọkọ̀ wò fún wa nílùú nígbà náà. Lọ́dọọdún, á wọnú Moskvich fúnra rẹ̀, á wà á yípo ọgbà, á ní bíréèkì rẹ̀ mú ju ti ọkọ̀ òun lọ, á sì fọwọ́ sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ó fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ ń jẹ́ Lyuben. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé àga fún bàbá mi. Ó yẹ iná wò, ó yẹ táyà wò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní fún ọkọ̀ tó dàgbà ju òun lọ, ìpẹtà rẹ̀ kò pọ̀. Àfìgbà tó ṣí ìlẹ̀kùn awakọ̀ tó rí irin Argir. Ó béèrè ẹni tó ṣe é, ó sì béèrè ìwé àṣẹ onítọ̀hún. Bàbá mi ní Argir ni, Argir kò sì níwèé, ọwọ́ ló ní. Lyuben rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó nawọ́ sí kámẹ́rà tó wà lára ògiri. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tó bá wọbẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Sofia lójú ẹsẹ̀, bí òun bá sì fọwọ́ sí irin tí kò níwèé, iṣẹ́ òun lọ nìyẹn. Ó ní ká wá ilé iṣẹ́ tó láṣẹ, kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i.

Àṣẹ ọdún tó kọjá kò tíì parí lára ọkọ̀, nítorí náà bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ gbé wa lọ sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan nílùú Plovdiv. Ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde ló wọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń fi àwọn ibi tó ti gé igi nígbà èwe rẹ̀ hàn mí, ara rẹ̀ yá gágá. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ tẹ irin yẹn, ó tún un tẹ̀, ó yìn ín gan-an. Ó ní iṣẹ́ gidi ni. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun kò lè fi orúkọ òun sábẹ́ irin tí òun kò rọ, èyí tí àwọn ń rọ kò sì bá ọkọ̀ ayé àtijọ́ mu. Ó gbà wá nímọ̀ràn pé ká lọ ra ọkọ̀ mìíràn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí a fi délé, kò tún fi ibì kankan hàn mí mọ́.

Nígbà tí Argir gbọ́, ó ní òun náà máa tẹ̀ lé wa padà lọ bá Lyuben, kí wọ́n jọ wo ara wọn lójú. Báyìí la ṣe dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù tó kọjá, tí ọkọ̀ mìíràn sì tò sẹ́yìn wa. Lyuben gbé Moskvich sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bíréèkì, ó ní kí bàbá mi tẹ irin náà. Ẹ̀rọ ní ó dára. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, Lyuben sì tún gbé àga fún un.

Argir ní, "Ẹ̀rọ tiyín náà ló jẹ́rìí yẹn o. Kí ló wá kù?"

"Ó ku ìwé, bàbá."

"Ìwé ló ń dá ọkọ̀ dúró ni, àbí bíréèkì?"

"Lójú tèmi, bíréèkì ni. Lójú àwọn tó ń wo àwòrán ní Sofia, ìwé ni."

"Ọkọ̀ yìí ti ń gun òkè kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá. Ìyá mi náà, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín, Argir pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Lyuben wá bẹ̀rẹ̀ níwájú àga tí bàbá mi jókòó sí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Stamen, tí ẹ bá lè tú irin yẹn kúrò, ọkọ̀ yín yege nísinsìnyí. Ọmọ yín ṣáà ní láísẹ́ǹsì. Á máa gbé yín kiri."

Oore ló rò pé òun ń ṣe. Mo ń retí kí bàbá mi kọ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó kọ̀, kó bínú, kó ní ká máa lọ sílé. Ó wo ọkọ̀ náà, ó wò ó pẹ́.

"Argir, tú u."

"Mi ò tú u."

"Ìwọ lo mọ ibi tí o ti dè é. Má jẹ́ kí ọlọ́wọ́ wúwo kan bá mi ba inú ọkọ̀ jẹ́."

Argir yá sípánà lọ́wọ́ Lyuben, ó wọ abẹ́ sítíárìn lọ. Ó ti dè é nígbà náà bí ẹni tí kò rò pé òun máa tú u láéláé, nítorí náà kò tètè bọ́. Ìró irin là ń gbọ́, àti mímí rẹ̀. Nígbà tó jáde, gbogbo ojú rẹ̀ tutù, mi ò sì mọ̀ bóyá òógùn ni. Ó fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé irin náà, ó gbé e sí abíyá, ó lọ dúró sẹ́bàá títì láti wá ọkọ̀ tó ń gòkè. Kò bá wa padà.

Lyuben tún gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ, èmi ni mo fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì lọ́tẹ̀ yìí. Ó lẹ àmì àṣẹ ọdún tuntun mọ́ gíláàsì. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa tiẹ̀ kí wa pé ẹ kú oríire. Bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bó ti mọ́ ọn lára, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn awakọ̀ mú. Ló bá dúró. Ó yọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ibo ni kí n jókòó sí, Milka?"

Mo yí lọ sí òdì kejì, mo ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni ọ̀nà tiwa, o mọ̀ ọ́n. Gbogbo kọ́nà tí a bá ti dé ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti òun, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo tẹjú mọ́ títì kí n má bàa rí i.

Argir kò tún fẹsẹ̀ tẹ ilé wa láti ọjọ́ náà. Ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá mi bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá iná ń jó níbẹ̀, mo ní mo rí èéfín. Ó ti fi gbogbo àpótí oyin tọrẹ fún ọkùnrin kan ní abúlé kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé èmi á máa gbé e lọ síbẹ̀, ó ní oyin kì í dúró de ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn. Mo ní kó bá wa lọ sí ìlú nígbà tí mo bá ń gbé ìyá rẹ lọ rí dókítà, ó ní kí ni òun fẹ́ lọ ṣe. Orí àga ẹ̀bá fèrèsé yẹn ló padà sí. Bí mo bá ní kí n wá sọ́dọ̀ yín, ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́? Ta ni yóò sì gbé ìyá rẹ? Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e gbà. Nítorí náà, má bínú sí mi. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rù ló bà mí.

Bá mi kí Zahari, kó rọra máa gbé ẹrù. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, kí o sì kí gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, kí o má ṣe sùn láìjẹun. Bàbá mi náà kí ọ. Ó ń béèrè yín dáadáa, inú kò bí i sí ẹnikẹ́ni. Lánàá tí mo ti ìlú dé, kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ti ṣí fèrèsé. Ó ní òun gbọ́ bí mo ṣe yí gíà ní kọ́nà ìsàlẹ̀, ó ní, "O wakọ̀ dáadáa, ọmọ mi." Dafina, ì bá sàn kó máa bú mi.

Èmi ni, tìrẹ bí ti àtẹ̀yìnwá,

Milka Stamenova